Hannah Kilham, olùkọ́ tó fẹ́ gbọ́ èdè ọmọ kó tó kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ tó bá parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bantè tàbí ní Savalou, tó sì wọ 6ème ní CEG, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń kọ́kọ́ jókòó ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kó tó débẹ̀, ó ti ní èdè ilé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ Bantè, Ica ni, èyí tí ìwé ìjọba ń kọ ní Itcha. Bó bá jẹ́ ọmọ àárín ìlú Savalou, Maxi ni. Bó bá jẹ́ ọmọ Tchetti, Ifẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ló ti fi ọdún mẹ́fà gbáko bá Faransé jìjàkadì, láti CI títí dé CM2. Èdè kẹta ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún un, àmọ́ bí èdè kejì ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, nítorí Faransé nìkan ni wọ́n fi ń túmọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi ọmọ náà léèrè pé báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé yín.

Èmi náà gba ọ̀nà yẹn kọjá. Odidi ọdún kan ni mo fi ń kọ "I it see" sínú ìwé, tí olùkọ́ ń fi bírò pupa fa ìlà sí i, nítorí pé "je le vois" ló wà lórí mi. Bẹ́ẹ̀, "mo rí i" ni mò ń sọ nílé láti àárọ̀ dalẹ́: olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀, bó ṣe tò nínú "I see it" gẹ́lẹ́. Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Nígbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó rí i fúnra mi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Hannah Kilham lójú ewé yìí. Àwọn tó ń ka ìtàn ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ fún wa ní kíláàsì, àkójọ ọ̀rọ̀ tó ṣe ní 1828 ni wọ́n ń sọ, lẹ́yìn náà wọ́n ti kọjá sórí Koelle. Wọn kì í sọ fún wa pé olùkọ́ àwọn ọmọdé ni obìnrin yìí, àti pé torí ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì láì mọ ohun tó ń kà ló ṣe ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ó ti tó igba ọdún báyìí.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1774 ni wọ́n bí i ní Sheffield, ìlú àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ àti irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Hannah Spurr ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe olówó rẹpẹtẹ, wọn kì í sì í ṣe tálákà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun ni wọ́n. Ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ló bá di pé òun ni ìtọ́jú ilé bọ́ sí lọ́wọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, bàbá náà tún lọ. Wọ́n wá mú ọmọ òrukàn náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Chesterfield, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Nígbà tó pé ogún ọdún ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti Wesley.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1798 ó fẹ́ Alexander Kilham, oníwàásù tí ìjọ yẹn lé jáde, tó sì wá dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìgbéyàwó náà kò pé ọdún. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni ọkọ kú ní Nottingham. Ìyàwó ilé wá di opó, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, pẹ̀lú ọmọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti bí sílẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ, Sarah. Ẹ fi orúkọ Sarah yìí sọ́kàn. Hannah kò jókòó sunkún lọ títí. Ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Nottingham, ó ń fi kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ń fi jẹun. Nígbà ìsinmi, ó máa ń lọ sí Epworth, ìlú tí ọkọ rẹ̀ ti gbé rí. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn Quaker pàdé, tó fi di ọ̀kan lára wọn ní 1803.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Àwọn Quaker kì í lo oyè fún ẹnikẹ́ni. Nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ṣì ní "thou" fún ẹnì kan tí kì í ṣe àgbà ẹni, àti "you" fún ẹni ọ̀wọ̀, bí àwa ṣe ní "o" àti "ẹ", bí Faransé ṣe ní "tu" àti "vous". Bó ti ẹ̀ jẹ́ pé "thou" ti ń kú lẹ́nu àwọn yòókù, àwọn Quaker di tiwọn mú. Bí wọ́n bá wọlé tọ ọba, "thou" ni. Bí wọ́n bá bá alágbe sọ̀rọ̀, "thou" náà ni. Lójú tiwọn, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn níwájú Ọlọ́run. Ìdí nìyí tí n kò fi pè é ní Ìyáàfin, tí mo sì ń sọ "ó" níbi tí ẹ̀kọ́ ilé wa ìbá ti ní kí n sọ "wọ́n". Kì í ṣe àrífín. Bí òun náà ṣe máa fẹ́ ẹ ni.

Ó padà sí Sheffield, ó tún ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́, èyí tí àwọn ìlú mìíràn wò dá tiwọn. Iṣẹ́ yìí pọ̀, ó sì dára, àmọ́ kì í ṣe òun ni a fi ń rántí rẹ̀. Láti 1817 ni ọkàn rẹ̀ ti yí sí Áfíríkà.

Kí ni ìlú òyìnbó kan lè gbọ́ nípa àwọn ọmọ Áfíríkà ní 1817? Ìròyìn Sierra Leone ni, ìlú tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ará ilé wọn. Ọdún kejì rẹ̀ ni Freetown bọ́ sábẹ́ ọba wọn, ọkọ̀ ogun wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sọ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti etíkun tiwa: Ouidah, Porto-Novo, Badagry, Èkó. Dahomey ń ṣígun sí àwọn Maxi àti àwọn aládùúgbò wọn tó ń sọ Yorùbá, ogun abẹ́lé sì ti ń ba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Sàró débi pé wọ́n fún wọn ní orúkọ tuntun, Akú, nítorí pé "ẹ kú" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìkíni wọn.

Ọ̀pọ̀ ọmọdé wà lára àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ yìí. Wọ́n pín wọn sí àwọn abúlé tó yí Freetown ká, wọ́n sì kó wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ẹ rò ó wò. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo, ọmọ Hausa, ọmọ Mende jókòó sórí ìjókòó kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ti ẹnì kejì, olùkọ́ kò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá wọn sọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ wọn ni èyí tó gbayì ní England nígbà náà: ọmọ tó ti mọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe olórí fún àwọn tí kò mọ̀. Á ké lẹ́tà, wọ́n á gbè é. Á ké sílébù, wọ́n á gbè é. Á ka gbólóhùn, wọ́n á gbè é. Ariwo kíláàsì á dùn létí àlejò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe ń ka ìwé láìkọsẹ̀ kò fi hàn pé ó mọ ohun tó ń kà.

Ohun àkọ́kọ́ tí Hannah ṣe, àṣìṣe díẹ̀ ni lójú tèmi. Láti òkèèrè ló ti jókòó kọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Sàró. Ní 1818 ó tẹ àwọn ìwé kan jáde lórí ẹ̀kọ́ èdè àti sípẹ́lì. Ọ̀nà tí gbogbo olùkọ́ ń gbà ni: tú Gẹ̀ẹ́sì sí wẹ́wẹ́, kó o sì gbé e fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí o bá ti gé ẹran sí wẹ́wẹ́ tó, bí ọmọ kò bá ní eyín, kò ní lè jẹ ẹ́. Hannah fúnra rẹ̀ rí i pé ìṣòro náà kò sí lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní gbólóhùn tuntun gbọ́dọ̀ mọ irú gbólóhùn tó ti wà lẹ́nu ọmọ náà.

Ló bá wá ẹni tó máa kọ́ òun. Ó rí àwọn atukọ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Áfíríkà, Sandanee àti Mahmadee, wọ́n sì fi wọ́n sí ẹ̀kọ́ ní Tottenham, lẹ́bàá London. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah náà ń kọ́ Wolof àti Mandingo lẹ́nu wọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Nínú gbogbo ìtàn ayé rẹ̀, ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí iṣẹ́ tí àwa ń ṣe ní Bantè tàbí ní Savalou nígbà tí wọ́n bá ní ká lọ gba èdè sílẹ̀ lẹ́nu àgbà kan, iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń ṣe, láìsí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, láìsí ábídí àwọn onífonẹ́tíìkì.

Kí ló bá nínú Wolof? Ẹ wo gbólóhùn kékeré kan ní àkọtọ́ òde òní: "gis naa xale bi". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo ti rí ọmọ náà. "Gis" ni rí, òun ló ṣáájú. "Naa", tó ń tọ́ka sí èmi, tẹ̀lé e. "Xale" ni ọmọ. "Bi" tó túmọ̀ sí náà ló kẹ́yìn. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ Wolof ní Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ yìí máa wá "the" lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ, kò ní í rí i, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ṣe máa wá a, nítorí "ọmọ náà" ni àwa náà ń sọ. Bí olùkọ́ bá mọ èyí, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi là á yé ọmọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, pàṣán ló kù.

Ní 1820 ó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Wolof jáde, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ní 1823 ó tẹ òmíràn tó jẹ́ Wolof àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Irú ìwé yìí ni mo rò pé ó fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn jù lọ: ọmọ á ka ohun tó mọ̀ ní èdè tó mọ̀, á sì rí ohun kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí pé à ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ní èdè tuntun, àti ní ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe òun nìkan ló ronú bẹ́ẹ̀, àwa tí a ka ìwé ní Faransé sì yẹ ká mọ èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 1817, ọdún tí Hannah bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí Áfíríkà, olùkọ́ Faransé kan tó ń jẹ́ Jean Dard ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní Saint-Louis, ní Senegal. Ó rí i pé àwọn ọmọ ń ka Faransé bí odídẹ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Wolof kọ́ wọn láti mọ ìwé kà, kí wọ́n tó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Èdè kan náà, ọdún kan náà, èrò kan náà, ọ̀kan lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan lábẹ́ Faransé. Dard fi Senegal sílẹ̀ ní 1820, ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Wolof jáde ní 1825 àti gírámà rẹ̀ ní 1826. Lẹ́yìn tó lọ, Faransé nìkan ni wọ́n padà sí.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1823 ni Hannah wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn Quaker mẹ́ta àti àwọn atukọ̀ méjì yẹn, wọ́n kọrí sí erékùṣù St. Mary's ní Gambia, níbi tí ìlú Banjul wà lónìí. Wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀, Wolof ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Ó tún dé Sàró, ó wo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń gbọ́ ìròyìn wọn láti ọdún yìí wá. Nígbà yẹn, ibà ilẹ̀ wa ń pa òyìnbó bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó bá a lọ ló padà délé. Òun padà ní oṣù keje ọdún 1824 láti wá jíṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ tó rán an. Ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé e, àwọn tálákà London àti àwọn tí ebi ń pa ní Ireland ló ń tọ́jú. Mo ń kọjá lórí rẹ̀ kíákíá, kì í ṣe pé ó kéré.

Ìrìn-àjò kejì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1827, ló sọ ọ́ di ẹni tí à ń kà nípa rẹ̀. Ohun tó kọ́ ní Gambia kò lè tó ní Sàró. Èdè kan tàbí méjì ló wà ní iwájú rẹ̀ ní Gambia. Ní Freetown, ojú òpópónà kan lè ní èdè mẹ́wàá. Ta ló máa kọ ìwé fún gbogbo wọn? Ó ní ká kọ́kọ́ mọ iye tí wọ́n jẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń pe àwọn ènìyàn jọ, ó ń béèrè òǹkà, ó ń béèrè orúkọ àwọn ohun tó wà nítòsí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àìsàn ló lé e padà sílé. Ní 1828 ni ìwé náà jáde ní London, èdè bí ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, Akú sì wà lára wọn. Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Crowther ṣe kò tíì jáde títí di 1843.

Ẹni tó bá yẹ ìwé náà wò lónìí á rí àléébù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú èdè kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Kò sí àmì ohùn níbì kankan, nítorí náà ọ̀rọ̀ bí "igba" tàbí "ọkọ" kò lè fi ara rẹ̀ hàn. Gbólóhùn kò sí nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé gbólóhùn ló gbé e dìde. Míṣọ́nnárì náà sì ni, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí ka Bíbélì, kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Gbogbo èyí ni mo gbà. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń fẹ́ fi àkójọ náà ṣe: kí olùkọ́ tó wà níwájú ọmọ lè mọ̀ pé ọmọ Akú ni, kí ó ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti Akú lọ́wọ́, kí ó lè tọ́ka sí nǹkan kan kí ó sì pè é ní orúkọ tí ìyá ọmọ náà ń pè é.

Ní Savalou, mo máa ń ronú sí èyí bí mo bá rí ọmọ Ica àti ọmọ Maxi lórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbólóhùn abọ́dé bí "I see it", àwọn méjèèjì lè gba ọ̀nà ilé, nítorí àbọ̀ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe nínú èdè wọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wí pé olùkọ́ kọ "I am eating maize" sójú pátákó. Ọmọ Ica tó ti ní irú gbólóhùn "mò ń jẹ àgbàdo" lẹ́nu kò níṣòro. Nínú àwọn èdè Gbe bíi Fɔn àti Maxi, bí ìṣe bá ń lọ lọ́wọ́, àbọ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọmọ Maxi lè kọ àgbàdo ṣáájú jíjẹ. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á ní ọmọ yìí kò gbọ́n tó èkejì rẹ̀. Èdè kò jọra ni, ọgbọ́n kọ́. Ohun tí Hannah ń wá kiri àwọn abúlé Sàró nìyẹn.

Àwọn kan á ní, ṣé Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ni wọ́n fi kọ́ Crowther? Òótọ́ ni. Ọdún 1822 ni wọ́n gbé Àjàyí, ọmọ Òsogùn, dé Freetown, wọ́n mú un lọ sí abúlé Bathurst lórí òkè, oṣù mẹ́fà ló sì fi mọ ìwé kà. Ní 1827, ọdún tí Hannah tún dé, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ṣùgbọ́n Àjàyí kan ṣoṣo ni. Bí a bá ń fi òun nìkan wọn ọ̀nà ìkọ́ni, a ti gbàgbé àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń gbè, tí a kò sì mọ orúkọ wọn. Crowther fúnra rẹ̀, nígbà tó di olùkọ́ àti àlùfáà, Yorùbá ló padà wá kọ sílẹ̀.

Ní 1830 Hannah tẹ ìwé kékeré kan jáde tó fi ń bẹ àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n fi èdè àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ́ wọn. Owó àti ènìyàn tó ń fẹ́ kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó tún wọ ọkọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, ara rẹ̀ kò le dáadáa, ó sì mọ ohun tí Sàró ń ṣe fún òyìnbó. Gómìnà gbà fún un pé kí ó mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rú sọ́dọ̀, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún wọn ní Charlotte, abúlé orí òkè tí kò jìnnà sí Bathurst. Òun àti obìnrin kan tó ń ràn án lọ́wọ́ ló ń tọ́jú wọn. Ibẹ̀ ló wà ní gbogbo àsìkò òjò, nígbà tí ọ̀nà di ẹrẹ̀, tí ibà sì ń jà.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe yí padà lọ́wọ́ rẹ̀: ìwé tó kọ láti òkèèrè, lẹ́yìn náà atukọ̀ méjì, lẹ́yìn náà èdè bí ọgbọ̀n, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ó padà sí kíláàsì kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá.

Láti Charlotte ó lọ sí Liberia, ó wo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Monrovia, ó sì bá àwọn òbí kan ṣètò láti rán àwọn ọmọ wọn lọ kàwé ní England. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì ọdún 1832, ó wọ ọkọ̀ láti padà sí Sàró. Àrá sán lu ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n ní láti padà. Kò rí Charlotte mọ́. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1832 ló kú, lórí omi. Jean Dard, tó padà sí Saint-Louis lọ́dún yẹn, kú níbẹ̀ ní 1833.

Ní Sàró, Gẹ̀ẹ́sì ló ń jọba lọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé, ó tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀: àwọn bàbá wa ṣì ń sọ nípa signal, ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn bó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn 1975, nígbà ìjọba Kérékou, wọ́n dá àwọn CESE sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi èdè ìlú kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ètò náà kò gbó.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó èdè jọ ní Freetown kò dáwọ́ dúró. Ní 1854 Koelle tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dahomey, ẹ ó rí èdè kan tó kọ ní Mahe. Maxi ni. Ẹnì kan tí wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ Maxi, níhà ibí yìí, ló jókòó ní Freetown tó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un.

Sarah, ọmọ ọkọ Hannah, dàgbà, ó di olùkọ́, ó sì lọ ń kọ́ni ní Rọ́ṣíà, ní St. Petersburg. Òun ló kó àwọn ìwé àti lẹ́tà tí Hannah fi sílẹ̀ jọ, tó tẹ̀ wọ́n jáde ní 1837. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ohun tí a mọ̀ nípa ìgbésí ayé Hannah ì bá kéré sí èyí.